Omi Inú Ọpọ́n Irin

Agboolé wa,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àyílà.

Súwébátù ọmọ mi, Àbẹ̀bí,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun tí kò tíì pé ọdún kan yìí, mo sì kí Kàlàbá tó gbà ọ́ lálejò. Gbogbo wa nílé wà ní àlàáfíà. Ìyá rẹ ti lọ sí Ọjà'ba láti àárọ̀. Ó ní tí òun bá dé tí òun kò bá bá lẹ́tà yìí ní kíkọ, òun á pè ọ́ fúnra òun, òun á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n sọ. O mọ bí ìyá rẹ ṣe ń sọ ìtàn, tó jẹ́ pé láti orí ẹni tó bí bàbá èèyàn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe yára mú bírò.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o pè wá, o sọ pé ọ̀gá rẹ ti yàn ọ́ láti dúró níwájú àwọn onímọ̀, kí o sọ ohun tí o rí nínú iṣẹ́ rẹ fún wọn. Ìyá rẹ pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú. O ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà. O ní, "Ṣé inú yín ò dùn ni?" Mo ní inú mi dùn, pé ó kàn rẹ̀ mí ni. Irọ́ ni mo pa. Kò rẹ̀ mí. Ẹ̀rù ló bà mí, nítorí pé mo mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yẹn tí ìwọ kò mọ̀. Tí mo bá dákẹ́, ìwọ ni wàá dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá, tí wàá máa fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Màá sọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gba ọ̀nà tèmi débẹ̀. Bàbá ni mí, iṣẹ́ tuntun lo sì gbà, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀ tí mo fẹ́ fún ọ kí ojú tó tì mí.

Kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ yé mi. O ní tí oòrùn bá ràn sórí igbó kìjikìji, ooru tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ. Apá kan ń padà sójú sánmà. Apá kan ń mú afẹ́fẹ́ orí igi gbóná. Apá kan ń wọ inú ilẹ̀. Apá tó pọ̀ jù ni àwọn ewé fi ń tú omi sínú afẹ́fẹ́, bí àwa náà ṣe ń làágùn tí ara á sì tù wá. O ní tí èèyàn bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí oòrùn rán wá mu. O wá kọ́ odindi igbó kan sínú kọ̀ǹpútà, kí o lè máa wo bí ooru ṣe ń wọlé tó ń jáde láàárín igbó àti òfurufú. Àwọn òpó irin gíga tí ẹ gbé ẹ̀rọ kọ́ sí ń sọ fún ọ bó ṣe ń lọ lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí òpó irin láyé àtijọ́. Ìwé tí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ nínú igbó ọba fi ọwọ́ kọ nìkan ló wà, o sì bá ìfọwọ́sí mi nísàlẹ̀ ojú ewé kan sí òmíràn. Èmi ni mo kọ wọ́n lóòótọ́, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kí n tó fẹ́ ìyá rẹ.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí. Tí nǹkan kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ibùdó tí a ti ń wo ojú ọjọ́ yẹn, ọ̀gá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè, fi tẹmómítà méjì hàn mí nínú àpótí funfun kan. Ọ̀kan gbẹ. Wọ́n fi aṣọ tútù wé ìdí èkejì. Ó ṣàlàyé títí. Mo ń mi orí, mo ń ní, "Ó ti yé mi, sà." Kò yé mi rárá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé òjò ló pa aṣọ náà tí ẹnikẹ́ni kò ráyè sá a. Láti ọjọ́ kejì, tí mo bá ti dé, màá tú aṣọ náà, màá fún un dáadáa, màá sá a sórí koríko, tó bá gbẹ tán màá wé e padà. Tẹmómítà méjèèjì wá ń sọ ohun kan náà. Inú mi ń dùn pé nǹkan ń lọ déédéé lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọ̀gá yẹ ìwé mi wò. Ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, pẹ̀lú ohun tí o kọ yìí, ìsàlẹ̀ odò ni gbogbo wa ń gbé." Ìgbà yẹn ló tó wá ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀kejì pé aṣọ tútù yẹn ni iṣẹ́ náà gan-an, pé bó ṣe ń gbẹ ló fi ń sọ bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ìwọ náà kì í fẹ́ béèrè. Nígbà tí o wà ní ilé kéú, ibi tí o kò bá mọ̀ lo máa ń ké jù, kí Àlùfáà lè rò pé o mọ̀ ọ́n. A ń gbọ́ ọ láti ìta. Má ṣe é ní Kàlàbá.

Ìkejì, mọ orúkọ àwọn tó ń gun òpó irin yẹn, àti ti ẹni tó ń roko yí i ká. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ibùdó wa nígbà náà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ oko ríro. Làmídì ni orúkọ wọn. Èmi ka ìwé mẹ́wàá, bírò méjì wà ní àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, pupa kan, búlúù kan, mi ò sì ka Làmídì sí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀ka igi kan ti ń yọ sórí agolo tí a fi ń wọn òjò. Mo ní kí wọ́n máa ro oko wọn. Nígbà tí ọ̀gá fura pé òjò tèmi kéré sí ti gbogbo àyíká, Làmídì ló mú àdá lọ bẹ́ ẹ̀ka náà. Wọn ò wí fún mi pé àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn nu àdá, wọ́n lọ. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ. Nítorí náà, máa kí àwọn èèyàn yẹn, bá wọn jókòó, kí o sì máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí tí kò sí nínú ìwé rẹ.

Ẹ̀kẹta kò kan igbó. Jẹun kí o tó jáde nílé. Tí o bá ń gun òpó, má wọ bàtà tí o fi ń lọ sóde. Má jẹ́ kí iṣẹ́ gba ìrun lọ́wọ́ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé ọ̀gbẹ́ni tó ń fi ọkọ̀ gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ yẹn, kó wá fojú hàn. Èmi ò dá sí i o. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, mo ti kọ ọ́.

Ìyá rẹ gan-an ló wọlé yìí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Súwé, ṣé ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo ní mo ti kọ̀wé nípa oúnjẹ.

Ó ní, "Oúnjẹ kọ́ ni mo bi yín." Ó fa àpótí, ó jókòó tì mí.

Ó dára. Gbọ́ o.

Láàárín pápá ibùdó wa, ọpọ́n irin roboto kan wà. Ó fẹ̀ débi pé èèyàn kan lè ká ara jọ sùn sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Omi ló wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń wọn bí omi náà ṣe lọ sílẹ̀ tó láti àárọ̀ àná, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì bu omi dí ohun tó lọ. Ohun tó lọ yẹn ni a gbà pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbẹ. Ìwọ náà ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ lórí fóònù, pé ọpọ́n yẹn ló ń sọ bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ òfurufú tó lórí igbó. Wọ́n fi wáyà bò ó kí ẹyẹ àti ewúrẹ́ má baà mu nínú rẹ̀.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kànga wa máa ń gbẹ. Odò tó sún mọ́ wa jù jìnnà, omi mímu wa kì í tó. Omi ti ọpọ́n kì í wọ́n ní tiẹ̀, nítorí pé katakata ìjọba ló ń gbé e wá nínú àgbá. Tó bá wá di Àyílà, tó tún di Àlàásárì, mo ní láti ṣe àlùwàlá. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá rí omi lè fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ṣe é. Bí Làmídì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, mo rí omi. Omi ń dán níwájú mi lójoojúmọ́, báwo ni mo ṣe máa wí fún Ọlọ́run pé mi ò rí i? Mo ká wáyà náà sókè, mo bu ẹ̀kún kẹ́tù kan. Mo ní kí ni kẹ́tù kan jẹ́ nínú ọpọ́n tó tó yẹn.

Làmídì rí mi. Wọ́n ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, omi tí wọ́n ń wọ̀n lo fi ń ṣanṣẹ̀ yẹn o."

Mo ní, "Bàbá, ti Ọlọ́run ni gbogbo omi."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ọwọ́ ìjọba ni Ọlọ́run fi sí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo kírun mi.

Súwébátù, mi ò kọ irọ́ kan sínú ìwé yẹn rí. Ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ láti ọjọ́ yìí. Ohun tí ojú mi bá rí lára ọ̀pá ìwọ̀n ni mo ń kọ, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ òótọ́ láàárọ̀, èmi náà ni mo ń bu omi lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta gbáko ni oòrùn fi mu tiẹ̀ tí èmi náà mú tèmi, tí mo sì fi orúkọ oòrùn kọ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kẹta, ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa. Omi pọ̀, mi ò sì fọwọ́ kan ọpọ́n mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, ohun tó ń lọ nínú ọpọ́n já wálẹ̀. Ọ̀gá kó ìwé ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí síwájú, ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbẹ̀yìn ó kọ ìròyìn sí olú iléeṣẹ́ pé ó jọ pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò gbẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí pé ìkọ̀wé mi dára, èmi ló fún láti dà á kọ. Mo jókòó, mo dà á kọ tónítóní, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́.

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Àsìkò yẹn ni wọ́n fẹ́ sọ iṣẹ́ mi di iṣẹ́ pẹ́ńṣàn. Mo sì ti rán àwọn àgbà lọ sí agboolé wọn ní Àrẹ̀mọ láti tọrọ ìyá rẹ. Mo ní tí wọ́n bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò fún mi ní ọmọ rẹ̀? Ìyá rẹ tó jókòó tì mí yìí ní kí n kọ ọ́ pé òun ì bá ṣì fẹ́ mi. Òun lè gbà. Bàbá rẹ̀ ni kò dá mi lójú. Mo ní màá sọ ọ́ tí wọ́n bá ti fún mi ní ìwé pẹ́ńṣàn. Wọ́n fún mi, mo ní ó di ìgbà tí mo bá gbé ìyàwó. Mo gbé ìyàwó, mo ní ó di ìgbà tí a bá bímọ. Ọmọ náà ni ìwọ tí mo ń kọ̀wé sí yìí. Ọ̀gá ti kú, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, mi ò sì sọ fún un títí tó fi lọ. Ó ń dùn mí gan-an.

Wàyí o, rántí ohun tí ìwọ sọ fún wa ní Jímọ̀. O ní ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta kan báyìí, omi tó kúrò nínú ọpọ́n ju èyí tí ooru oòrùn lè gbé lọ. O ní ó dà ọ́ láàmú fún oṣù mẹ́jọ. O wá rí i pé ó ní láti jẹ́ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbé ooru àfikún bọ̀ láti ilẹ̀ ọ̀dàn, tó ń bá oòrùn gbẹ omi náà, àti pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn afẹ́fẹ́ náà rọlẹ̀. O fi í sínú igbó kọ̀ǹpútà rẹ, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Ohun tí wọ́n ń yìn ọ́ fún nìyẹn, ohun tí o fẹ́ lọ sọ níwájú àwọn onímọ̀ nìyẹn.

Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ kọ́ ló rọlẹ̀. Kànga ni wọ́n gbẹ́. Ooru àfikún tí o fi oṣù mẹ́jọ wá kiri, kẹ́tù bàbá rẹ ni.

Mo ti ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá mo lè kọ ọ́ kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rọ̀. Ojú ń tì mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, èyí sì ni mo fẹ́ kí o di mú jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Mo mọ̀ ọ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni pé, "Báwo ni kẹ́tù náà ṣe tóbi tó?" kí o lè fi kọ̀ǹpútà dá omi náà padà sínú ọpọ́n. Má dán an wò. Èmi náà ti dán an wò. Gbogbo ọjọ́ àná ni mo fi rò ó. Lọ́jọ́ mìíràn ó jẹ́ kẹ́tù kan, lọ́jọ́ mìíràn méjì. Tí àlejò bá wá bá mi kírun, a jọ ń lò ó ni. Tí mo bá wá sílé ní Jímọ̀, mi ò bù rárá. Mi ò lè sọ èwo ni èwo mọ́. Iye tí mo bá fún ọ, orí ni mo máa ti yọ ọ́, wàá sì wá gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Yọ ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò pátápátá. Ti ìgbà òjò dára, o lè lò ó. Omi wà nínú kànga nígbà náà, mi ò dé ìdí ọpọ́n àfi láàárọ̀.

Mi ò sọ pé ọyẹ́ kì í gbé ooru wá o. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ bi àwọn òpó irin rẹ, àwọn yẹn kì í kírun. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọpọ́n tèmi kò lè jẹ́rìí sí i fún ọ. Láti òní lọ, tí ìṣirò rẹ bá ṣàdédé bára mu, inú rẹ lè dùn, ṣùgbọ́n kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni, lọ wádìí ẹni tó ń wà nídìí ẹ̀rọ àti ohun tó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe.

Sọ fún ọ̀gá rẹ kí ọjọ́ ìpàdé náà tó pé. Ó lè bínú. Ó lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. Ẹkún lè gbọ̀n ọ́, tí o bá sì bínú sí mi, o jàre mi, mo gbà á. Ṣùgbọ́n sunkún tán kí o lọ bá a lọ́jọ́ kejì, má sọ pé ó di ìgbà kan. Mo ti kọ ìwé kan lọ́tọ̀, ojú ewé kan péré, ó wà nínú àpò ìwé kan náà. Mo kọ orúkọ mi, iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀, àti ohun tí mo ṣe sí ọpọ́n náà, mo sì buwọ́ lù ú. Ìyẹn ni kí o fi hàn án. Ìdí nìyí tí mi ò fi sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí pé wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́ rẹ. Ìyá rẹ ń di gààrí àti ẹja gbígbẹ, awakọ̀ Kàlàbá yóò kó gbogbo rẹ̀ fún ọ pọ̀.

Ó ku ohun kan. O sọ fún wa pé nínú ìwé tí o fẹ́ kà fún wọn, o ti kọ orúkọ mi sí ibi tí ẹ ti ń dúpẹ́, pé bàbá rẹ ló fi òótọ́ inú tọ́jú àkọsílẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ mi sínú ìwé rí láyé mi, yàtọ̀ sí ìwé owó oṣù. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ó wù mí kó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Má pa á rẹ́ o. Gbé e lọ sí ibi tí ẹ ti ń kọ ohun tó mẹ́hẹ nínú iṣẹ́, kí o kọ ọ́ ní kíkún, kí o kọ ohun tí mo ṣe. Bí ojú mi kò bá sì tì ọ́, kọ síbẹ̀ pé bàbá rẹ ni mí.

Èmi ni,
Bùràímọ̀.